Afẹ́fẹ́ Ẹrù Ìyàwó Ṣì Wà Nínú Táyà Rẹ

Ilé wa, ẹ̀yìn ọjà Ìpàta,
Ìlọrin.
Ọjọ́ Àtàláátà, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Àṣàbí mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ìwọ àti ọkọ rẹ gbé nílé yín ní Màlété. Èmi náà wà dáadáa. Orúnkún tó ń dùn mí ti rọlẹ̀ díẹ̀, gèrò, ọkà tí mò ń tà, ń yá lọ́jà, àwọn aládùúgbò sì ń béèrè ìyàwó tuntun lọ́wọ́ mi bíi pé inú àpò mi ni mo tọ́jú rẹ sí.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ. Mo mọ̀ pé fóònù wà. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, tí ọ̀rọ̀ mi bá ti fẹ́ gùn díẹ̀, "Màmá, mo ti gbọ́" ni wàá sọ, kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan sí i, o ti pa á. O ò lè pa lẹ́tà mọ́ mi lẹ́nu. Jókòó, bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ, kí o kà á tán. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó gbé lẹ́tà yìí wá á fún ọ ní àpò kékeré kan pẹ̀lú rẹ̀. Má tíì tú u. Màá sọ ìgbà tí wàá tú u.

Mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ọkọ rẹ ló sọ fún mi. Mo mọ̀ pé o ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má bínú sí i. Ọmọ yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́ rárá. Ó kí mi, ó kí orúnkún mi, ó kí gèrò, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí òjò ṣe ń rọ̀ ní Màlété. Ìgbà tó dé orí òjò ni mo ti wá ibi jókòó sí.

Ó ní mọ́tò bàbá rẹ lo gbé lọ sí Ṣáò, pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nígbà tí o ń bọ̀. Ó ní nígbà tí o dé kọ́nà kan, o tẹ bíréèkì, mọ́tò ò gbọ́ tìrẹ. Ó kàn ń yọ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́, ó kúrò lójú títì, ó sì wọ inú oko ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ́. Ó ní ìwọ nìkan lo wà nínú rẹ̀, pé nǹkan kan ò ṣe ọ́. Ó sọ fún mi pé ẹni tó ni oko náà ju àdá sílẹ̀, ó sáré wá ṣí ilẹ̀kùn fún ọ, ó wo gbogbo ebè tí o ti tẹ̀ pa, ohun tó sì sọ ni pé, "Ìyàwó, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀gẹ́ á tún hù."

Mi ò mọ ọkùnrin yẹn. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò mọ ilé rẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, mi ò tíì kírun kan kí n má dárúkọ rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, pé Ọlọ́hun, bá mi ṣàánú ẹlẹ́gẹ́ yẹn, bù sí oko rẹ̀, fún òun náà ní ẹni tí yóò sáré wá bá ọmọ tirẹ̀ níbi tí òun ò sí.

Mo dúpẹ́, Àṣàbí. Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, jẹ́ kí n dúpẹ́ kó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo dúpẹ́ pé oko ẹ̀gẹ́ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe odò, kì í ṣe igi ńlá. Mo dúpẹ́ pé ebè rọ̀ nítorí òjò. Mo dúpẹ́ pé kò sí mọ́tò kankan tó ń bọ̀ lódìkejì. Mo dúpẹ́ pé ọkọ rẹ ló pè mí, pé ohùn tirẹ̀ ni mo gbọ́ tó ń wá ọ̀nà tó máa gbà sọ ọ́, kì í ṣe ohùn àlejò. Alihamudulilahi. Obìnrin tó bá ti jókòó ti fóònù bí mo ṣe jókòó tì í lọ́jọ́ náà á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó wá kù díẹ̀ kó pa fóònù ló tó sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n wá bírò. Ó ní o ti gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jù sórí kọ́bọ́ọ̀dù, o ní o ò wa mọ́tò mọ́ láyé rẹ, pé ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n wà. Ó ní o fẹ́ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ní GRA pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọ fún ẹlòmíràn, nítorí bọ́ọ̀sì Màlété ò lè gbé ẹni tó ní láti wọ iṣẹ́ láàárọ̀ kùtù dé Ìlọrin lásìkò.

Àṣàbí, má kọ ìwé yẹn. Tí o bá ti kọ ọ́, ya á. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Mi ò sọ ọ́ láti tù ọ́ nínú lásán, o sì mọ̀ mí, tó bá jẹ́ ẹjọ́ rẹ ni, màá ti sọ fún ọ kí n tó kí ọ pàápàá.

Mo bi ọkọ rẹ pé báwo ni táyà ṣe rí. Ó ní táyà dára, kò tíì jẹ. Mo ní bíréèkì ńkọ́? Ó ní mẹkáníìkì ti wò ó, kò sí ohun tó ṣe é. Mo wá bi í pé ṣáájú ọjọ́ náà, báwo ni mọ́tò ṣe ń rìn? Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní mọ́tò ń fò, pé gbogbo kòtò tí ẹ bá bọ́ sí ló ń gbé yín sókè, pé òun tiẹ̀ ti fi orí gbá òrùlé rẹ̀ rí. Ó rò pé bí mọ́tò àtijọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, mọ́tò yẹn kì í fò, èmi ni mo wà á jù. Mo ní kó yá géèjì tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní i, kó sì wọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí mọ́tò tó kúrò lójú kan.

Ó pè mí lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ó ní méjìdínláàádọ́ta ni, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iye yẹn ti pọ̀ jù. Èmi nìyí, mo jókòó lórí àpò gèrò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún. Mo ti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ náà ti wá. Afẹ́fẹ́ ẹrù ìyàwó rẹ ni.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, inú ilé ni wọ́n bo ìwọ mọ́, o ò mọ ohun tó ń lọ níta. O sì mọ àṣà agboolé wa. Mọ́tò tó bá gbé ẹrù ìyàwó kì í dúró lọ́nà. Láti ẹnu ọ̀nà bàbá ìyàwó títí dé ẹnu ọ̀nà ọkọ, kò gbọdọ̀ dúró ra epo, kò gbọdọ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni, ká má tíì sọ pé kó bàjẹ́. Wọ́n ní tí ẹrù bá dúró lọ́nà, ẹni tó ni í á máa padà wá sílé bàbá rẹ̀ nígbà gbogbo. Mi ò lè sọ bóyá òótọ́ ni. Ẹrù tèmi ò dúró lọ́nà, èmi náà sì ń lọ sílé bàbá mi nígbà tó bá wù mí. Ṣùgbọ́n àṣà ilé ọkọ mi ni, mo bọ̀wọ̀ fún un.

Wọ́n wá di ẹrù rẹ. Abọ́ tánńganran, kúlà ńláńlá, ìkòkò oríṣiríṣi, odó àti ọmọ odó, àpò ìrẹsì, àpò gèrò tí èmi fúnra mi gbé kalẹ̀, àpótí aṣọ rẹ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó sẹ́yìn mọ́tò bàbá rẹ, nítorí òun ló ní ẹ̀yìn gígùn. Lórí ìyẹn, àwọn ìyàwó ilé mẹ́ta tún wọlé, kò sì sí ẹni tó tín-ín-rín nínú wọn. Ìdí mọ́tò balẹ̀. Àlájà Sàláwà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, rí i báyìí, wọ́n figbe ta, wọ́n ní kí wọ́n lọ pe fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì. Ó fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó ní ó ti tó. Àlájà ní kò tíì tó. Ó tún fún un, ó ní, Àlájà, ó ti fẹ́ pọ̀ jù o. Àlájà dúró tì í lórí, wọ́n ní, "Máa fún un lọ. Ẹrù ọmọ Súlé ò ní dúró lọ́nà."

Lóòótọ́, kò dúró. Mọ́tò dé Màlété, àwo kan ò fọ́. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n jẹun, wọ́n kọrin, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé ọ lọ́wọ́ pé bàbá rẹ ló ti sọ ṣáájú ikú wọn pé tìrẹ ni, àwọn tó kù sì wọ bọ́ọ̀sì padà wálé. A sọ ẹrù kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí sọ afẹ́fẹ́ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìwọ nìkan, bí o ṣe tín-ín-rín tó yìí, lò ń fi afẹ́fẹ́ odó àti ìrẹsì àti ìyàwó ilé mẹ́ta rìn kiri Màlété. Báwo ló ṣe máa gbọ́ tìrẹ lójú títì tó tutù?

Má bá Àlájà bínú. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Obìnrin tí kò bí ọ, tó dúró sínú oòrùn, tó ń bá fọkanáísà jà nítorí kí ìgbéyàwó rẹ lè dúró, ńṣe ló yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò tíì sọ fún wọn, mi ò sì ní sọ, nítorí tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á kó gbogbo agboolé wá sí Màlété wá bẹ̀ ọ́, kò sì sí ibi tí wàá gbà wọ́n sí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò fún ọ bí bàbá rẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. O mọ ìkòkò tí ìdí rẹ̀ yọ bọ̀rọ̀kọ̀tọ̀, tí o bá gbé e kalẹ̀ láìsí òṣùká, tó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún? Bí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù ṣe ń ṣe nìyẹn. Àárín rẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wà lókè, wọn ò di nǹkan kan mú. Tó bá jẹ́ pé ó rí bó ṣe yẹ, gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ ló máa jókòó sójú títì, tí o bá tẹ bíréèkì, á di ilẹ̀ mú fún ọ.

Ó yá, tú àpò kékeré náà.

Géèjì bàbá rẹ ni. O mọ̀ ọ́n. Òun ni wọ́n máa ń fi sínú àpò búbá ní àárọ̀ Jímọ̀, tí ìwọ máa ń rò pé bírò ni. Mo ti nù ún, mo sì ti mú un lọ bá ti fọkanáísà dọ́gba, iye kan náà ni wọ́n ń sọ. Ó di tìrẹ láti òní. Wàyí o, gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Èkíní. Àárọ̀ ni kí o máa wọn táyà, kí mọ́tò tó rìn. Tí mọ́tò bá ti rìn, tí oòrùn bá ti pa á, táyà á gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, iye tí géèjì máa sọ á ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá rẹ jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò àkọ́kọ́. Wọ́n á lọ sí Màlété, wọ́n á dé lọ́sàn-án gangan, ìgbà náà ni wọ́n á wá fa géèjì yọ. Wọ́n á ní ó pọ̀ jù, wọ́n á sì jò ó dà nù. Tí ilẹ̀ bá mọ́, táyà á ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ títí ẹ̀gbẹ́ táyà fi jẹ tán, wọ́n wá wọ agbádá, wọ́n lọ bá ẹni tó tà á fún wọn jà. Àwọn fúnra wọn ló máa ń sọ ìtàn yìí, tí wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Nítorí náà, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí o tó dáná, jáde lọ wọ̀n ọ́n.

Ìkejì. Wàá rí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ sára táyà gan-an. Kì í ṣe tìrẹ. Ìyẹn ni òpin ohun tí rọ́bà náà lè gbà, kò sọ pé kí o fún un tó bẹ́ẹ̀. Èmi ìyá rẹ lè gbé odindi àpò gèrò, o ti rí mi rí. Ṣé ó wá yẹ kí n gbé e rù lọ síbi ìsọmọlórúkọ?

Ìkẹta ni ti ìwé pélébé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn awakọ̀. Nínú mọ́tò mìíràn, òun ló ń sọ òótọ́, tí o bá fẹ́ ra mọ́tò tìrẹ lọ́jọ́ iwájú, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò wa yìí, má gbà á gbọ́. Ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìwọ ṣì kéré nígbà tí màlúù kan fi ìwo dá ilẹ̀kùn náà lu lọ́nà Ṣáò, tí Fúlàní tó ń dà wọ́n sì ń kí bàbá rẹ kú ewu bíi pé òun kọ́ ló ni màlúù. Wọ́n lọ ra ilẹ̀kùn òkú mọ́tò mìíràn wá, ara kan náà ni lóòótọ́, àmọ́ èyí tí táyà rẹ̀ tóbi ju tiwa lọ ni. Ìwé orí rẹ̀ bá a wá. Bàbá rẹ wá ìwé tó bá mọ́tò gangan wá nígbà tó yá, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni pé tí mọ́tò ò bá gbé ẹrù, méjìlélọ́gbọ̀n ni, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sí abẹ́ ibi tí bẹ́líìtì ti ń jáde. Lọ wò ó, ìkọ̀wé wọn ṣì wà níbẹ̀.

Mi ò kà á mọ́, jẹ́ kí n kàn máa sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀ lọ́kàn mi. Tí ẹ bá fẹ́ kó ẹrù, bóyá iṣu láti oko tàbí àwọn ẹbí ọkọ rẹ tí wọ́n ń lọ síbi wòlímà, fi kún ti ẹ̀yìn méjèèjì, kó tó méjìdínlógójì, kí o fi ti iwájú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹrù bá ti sọ̀, dá a padà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀kọ́ ti ẹrù ìyàwó nìyẹn, mi ò fẹ́ kí a tún kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Má wá torí ìbẹ̀rù jò ó kọjá bó ṣe yẹ o. Mo mọ̀ ọ́, tí o bá sá fún nǹkan, o máa ń sá débi tí o fi máa kọ lu òdìkejì. Táyà tó rọ̀ jù ń gbóná ju òmíràn lọ, tó bá sì ń sáré lójú títì lọ́sàn-án gangan, ó lè bẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ inú táyà á dínkù fúnra rẹ̀, nítorí náà, máa wò ó lemọ́lemọ́. Máa wo ti àpamọ́ náà tó wà ní bùùtù, ọjọ́ tí èèyàn bá nílò rẹ̀ ni ó máa ń mọ̀ pé òun ò tíì wò ó rí. Kí o sì máa dé ọmọrí ẹnu táyà padà. Tí o bá lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, kí i dáadáa, kí o ní, "Ẹ bá mi fi tèmi wò ó náà." Má sọ pé tiẹ̀ ò dára. Ẹni tí o bá kí á ṣe é dáadáa fún ọ.

Mo mọ̀ pé o ti ń retí ìgbà tí màá yí ọ̀rọ̀ táyà di ọ̀rọ̀ ọkọ. Mi ò ní yí i. Táyà ni mò ń sọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní láti sọ nípa ọkọ rẹ ni pé kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi, kí o sì fún un lẹ́ran nínú ọbẹ̀ alẹ́ òní, èyí tó tóbi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun sì ni mo ti ń rìn bọ̀ láti òkè lẹ́tà yìí.

O mọ̀ pé bàbá rẹ ló kọ́ mi ní mọ́tò. Ìwọ ò tíì ju ọmọ ọwọ́ lọ nígbà náà. Kò sí obìnrin kan lágboolé wa tó ń wa mọ́tò, wọ́n sì sọ ọ́ títí, pé ìyàwó Súlé fẹ́ gba ìdarí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Bàbá rẹ ní obìnrin tó ń tajà ní Ìpàta tó sì ń gbé ọjà láti Màlété yẹ kó lè gbé ara rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n wà á kọjá Ṣáò, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò pé wọ́n á máa sọ fún mi pé rọra, yà sọ́tùn-ún, tẹ bíréèkì. Ńṣe ni wọ́n rọ ìjókòó wọn sẹ́yìn, wọ́n fi fìlà bo ojú, wọ́n sùn.

Mo wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo ní ọkùnrin yìí tó fẹ́ràn ayé tó báyìí, tí kì í jẹ́ kí ata kékeré bọ́ sí òun lójú, tó bá lè sùn nínú mọ́tò tí mò ń wà, a jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n wà. Ara mi balẹ̀. Mo wà á dé Màlété, mo wà á padà. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ọ̀nà ò bà mí mọ́. Mọ́tò yẹn ni mo fi gbé gèrò, gèrò yẹn la fi rán ọ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó bi wọ́n. Ara wọn ò yá nígbà náà, èmi ni mò ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Mo ní, Bàbá Àṣàbí, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, báwo lẹ ṣe rí oorun sùn? Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ló sùn? Mo dijú ni. Gbogbo àdúà tí mo mọ̀ ni mo ṣe tán kí a tó dé Màlété." Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ti lọ tán ni mo wá ń dúpẹ́ fún un, ní àárọ̀ àti ní alẹ́, pé ẹnì kan fẹ́ràn mi tó láti bẹ̀rù, kó sì fi fìlà bo ìbẹ̀rù náà kí n má bàa rí i. Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Ọlọ́hun fi àlùjánnà ṣe ilé wọn.

Nítorí náà, ohun tí a máa ṣe nìyí. Ní àárọ̀ Jímọ̀, gbé kọ́kọ́rọ́ kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bọ́ sójúde, fi géèjì bàbá rẹ wọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o jò wọ́n títí á fi di méjìlélọ́gbọ̀n. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ bá ọ ṣe é. Kó dúró tì ọ́ tó bá fẹ́. Ní Sátidé, màá wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ wá sí Màlété. Mo fẹ́ kí o mú mi lọ kí ẹlẹ́gẹ́ náà. Mò ń gbé wàrà àti gèrò díẹ̀ bọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, ìwọ lo máa gbé mi padà sí Ìlọrin. A óò gba GRA kọjá kí o fi ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn rẹ hàn mí, nítorí mo fẹ́ rí ibi tí ọmọ mi á ti máa ṣiṣẹ́. Mi ò ní owó bọ́ọ̀sì àbọ̀, mi ò sì ní mú un wá.

Iwájú ni màá jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Tí a bá dé kọ́nà yẹn, tí o wò mí tí o rí i pé mo ti sùn, má jí mi, máa wa mọ́tò rẹ lọ. Tí o bá sì rí i pé ètè mi ń mì, má ṣe dúró. Àdúà bàbá rẹ ti gbà, ọpẹ́ nìkan ló kù fún mi láti ṣe.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ti di àpò gèrò ẹlẹ́gẹ́ sílẹ̀,

Ìyá Àṣàbí.